Olú Tí Láoyè Hú Nínú Igbó Ààlà

Láoyè tó ń gbé ní Harburg, ní ìlú Hamburg, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò mọ nǹkan. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, nígbà tí ewé igi ń wọ́, Dúnní ìyàwó rẹ̀ ń kó búrẹ́dì sínú báàgì, ó sì ń bá Ìtùnúolúwa, ọmọbìnrin wọn kékeré, jiyàn lórí bàtà tó máa wọ̀. Òwúrọ̀ bíi ti gbogbo ọjọ́ ni. Ilé Àdùnní, ẹ̀gbọ́n Dúnní, ní Schöneberg ní Berlin, ni wọ́n sùn sí mọ́jú ọjọ́ náà.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí igbó ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì tó sì parí sí ilẹ̀ Póláńdì. Igi inú rẹ̀ dàgbà ju ìjọba méjèèjì tó jọ ń ṣọ́ ọ lọ. Àgbọ̀nrín ń ré kọjá ààlà níbẹ̀ láìsí ìwé ìrìnnà. Amelie, aṣọ́gbó tó mú wọn rìn, sọ fún gbogbo àlejò pé wọ́n lè hú olú níwọ̀nba, ṣùgbọ́n àṣà àwọn ará abúlé ìhín àti ọ̀hún ni pé apẹ̀rẹ̀ kan kì í dé ìdí ààrò láìjẹ́ pé ẹni tó mọ olú yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá rẹ̀ àgbà ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà.

Láoyè rí olú funfun lábẹ́ igi kan. Ó jọ èyí tó máa ń hù létí ọ̀gán ní oko ìyá rẹ̀ àgbà, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni ọ̀gán wà nínú igbó yìí. Nígbà tí àwọn yòókù ń to apẹ̀rẹ̀ síwájú Amelie, ó fi jákẹ́ẹ̀tì bo tirẹ̀.

Dúnní ní, “Bàbá Ìtùnú, ẹ jẹ́ kó bá wa wò ó.”

Láoyè rẹ́rìn-ín. “Ṣé Òyìnbó ló máa wá kọ́ èmi ọmọ olóko ní olú?”

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ó fi epo pupa àti ata sè é. Àdùnní ti lọ síbi iṣẹ́. Ìtùnúolúwa wo abọ́ náà, ó ní, “Ich will nicht,” ìyẹn ni pé òun kò fẹ́, ó sì ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ ni Láoyè bù fún ìyàwó rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ló fẹ́ mú dùn.

Ìdájí ọjọ́ kejì ni èébì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dá lọ́jọ́ Tuesday, Láoyè ní ó ti tán, wọ́n sì padà sí Hamburg. Lọ́jọ́ Wednesday, ojú Dúnní ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè ohun tí wọ́n jẹ láti Sátidé. Láoyè rántí, ṣùgbọ́n ìtìjú dì í lẹ́nu.

Ó ní, “Ìrẹsì ni, àti ẹja.”

Dúnní wò ó. Kò dójú ti ọkọ rẹ̀ rí lójú ènìyàn. Ó pa ojú dé.

Ọjọ́ kejì ni Àdùnní dé láti Berlin. Ó ti rí apẹ̀rẹ̀ olú náà nílé rẹ̀, òun ló sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún dókítà. Dókítà ní ká ní àwọn mọ̀ lánàá ni, ọ̀nà kan ì bá wà.

“Láoyè,” ni Àdùnní wí, “àná ni wọ́n bi ọ́.”

Dúnní kú lọ́jọ́ Sunday. Láoyè tó jẹ díẹ̀ yè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ìmọ̀ tí a gbé láti ilé wá níyì, ṣùgbọ́n igbó kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bí a bá dé ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ jẹ́ ká béèrè. Bí a bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ ká tètè jẹ́wọ́, nítorí olú nìkan kọ́ ló pa Dúnní; irọ́ ọjọ́ Wednesday wà níbẹ̀. Ìtùnúolúwa ń gbé lọ́dọ̀ Àdùnní ní Schöneberg báyìí. Láoyè wà ní Harburg, òun nìkan.