Òkété Tó Tu Gbogbo Efinrin

Etí odò ni àlọ́ mi yìí balẹ̀ sí, níbi tí efinrin pọ̀ sí. Ewé rẹ̀ ni àwọn ẹranko fi ń para, kí Ajá ọdẹ má baà gbóòórùn wọn.

Òkété olójúkòkòrò tu gbogbo rẹ̀, ó kó o wọ ihò.

Ìyá Ọ̀yà kúnlẹ̀ lẹ́nu ihò. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú ọmọ mi. Ẹ fún wa léwé kan péré.”

Òkété ní, “Bí gbogbo wa bá ń ta sánsán, kí ni Ajá máa jẹ?”

Ọ̀yà ń sunkún lọ, ó ń kọrin:

Efinrin dà?
*Ó wà níhò Òkété.*
Ajá mà ń bọ̀!
*Ó wà níhò Òkété.*

Ajá pa òun àtọmọ jẹ.

Nígbà tí Ajá tún dé, ibì kan ṣoṣo ni efinrin ti ń rùn. Ó tọ òórùn náà lọ, ó ń walẹ̀, ó ń kọrin:

Efinrin dà?

Ẹ gbè é.