Dígí Tó Bo Ojú Kamaldeen

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yin tí àwọn ènìyàn ń gbé ohun iyebíye wọn lé lọ́wọ́.

1.
Ní Ọ̀fà, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ku bí ọdún méjì, onífọ́tò kan wà tó ń jẹ́ Olúṣèyí. Ọwọ́ rẹ̀ dá. Ohun tó fẹ́ràn jù ni kó máa ya oko àti sánmà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ó mọ̀ pé sánmà máa ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ bá hàn dáadáa, sánmà á kàn funfun báláú, ìkùukùu kankan kò ní hàn.

Nítorí èyí ni ọ̀gá rẹ̀, Baba Adétóyè, ṣe fún un ní dígí méjì lọ́jọ́ tó gba fíríídọ̀mù. Iwájú kámẹ́rà ni wọ́n ń fi wọ́n sí. Méjèèjì dúdú lókè, wọ́n mọ́ gaara nísàlẹ̀, kí òkè dígí lè dín ìmọ́lẹ̀ sánmà kù. Dúdú ọ̀kan kò pọ̀, ó ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́. Èkejì dúdú bí èédú, dúdú náà sì dúró láàárín bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e.

"Èyí tó gé yìí, pápá gbalasa ló wà fún," ni Baba Adétóyè wí. "Bí orí ènìyàn bá ti yọ sójú sánmà, má lò ó. Mú èyí tó ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá dá ọ lójú, má fi dígí kankan sí i. Sánmà á tún wà lọ́la."

"Mo ti gbọ́, Baba."

Ó gbọ́ lóòótọ́.

2.
Ìyá kan wà ládùúgbò tó ń jẹ́ Ràfátù. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Kamaldeen sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Kamaldeen ríṣẹ́ sí Kàdúná, ó ku ọ̀la kó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìyá rẹ̀ kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ó bẹ Olúṣèyí pé kó wá ya àwọn méjèèjì ní oko ọkọ òun, lọ́nà Ìjàgbó, kí ilẹ̀ bàbá lè hàn lẹ́yìn ọmọ.

Wọ́n gbé àga lọ sóko. Bí a ti ń ṣe é, ìyá jókòó, ọmọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Olúṣèyí ní kí Kamaldeen gun orí ebè ànàmọ́ kó lè ga dáadáa. Ìyá wà nísàlẹ̀ láàárín ewé, orí Kamaldeen yọ sójú sánmà. Oòrùn wà lẹ́yìn wọn. Ìkùukùu òjò ti kó jọ lókè, etí rẹ̀ ń tàn bíi fàdákà.

Bí Olúṣèyí ti rí ìkùukùu yìí ni ọkàn rẹ̀ kúrò lára ènìyàn. Ó ti ń rí bí òun yóò ṣe gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó mú dígí tó gé.

"Bọ̀dá Ṣèyí," ni Kamaldeen wí, "ṣé ibi dúdú yẹn ò ní bọ́ sójú mi?"

"Ṣé wọ́n ti ń kọ́ yín ní kámẹ́rà nílé kéwú ni?"

Kamaldeen rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ojú mi ni Màámi fẹ́ rí, wọn ò bẹ̀ yín ní sánmà."

"Dúró jẹ́ẹ́."

"Kamaldeen, tún fìlà rẹ ṣe," ni Ràfátù wí láìwẹ̀yìn. "Má sì yọ eyín jù, o kì í ṣe ẹṣin."

Olúṣèyí yà á. Kamaldeen ní kó jọ̀wọ́ tún ya ọ̀kan láìsí dígí.

"Fíìmù kan ló kù," ni Olúṣèyí dáhùn, "mo ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe."

Ìkùukùu nìkan ló fi fíìmù náà yà.

3.
Ọkọ̀ ojú irin gbé Kamaldeen lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Olúṣèyí fọ fíìmù. Sánmà náà rẹwà. Ìyá hàn, títí dé òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọrùn Kamaldeen lọ sókè, òkùnkùn ni. Fìlà funfun rẹ̀ nìkan ló hàn fírífírí, bí èéfín tó dúró sójú kan.

Ó sọ fún Ràfátù pé fọ́tò kò tíì ṣetán. Lọ́kàn rẹ̀, bí Kamaldeen bá wálé fún Iléyá, òun yóò tún un yà. Ó gbé fọ́tò ìkùukùu kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń kọjá ń yìn ín.

4.
Kí Iléyá tó dé, ibà pa Kamaldeen ní Kàdúná. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀. Kí ìròyìn tó dé Ọ̀fà, erùpẹ̀ orí sàréè ti gbẹ. Ìyá rẹ̀ kò rí i mọ́.

Ràfátù dìde láàárín àwọn tó wá bá a kẹ́dùn, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

"Olúṣèyí, fún mi lójú ọmọ mi."

Olúṣèyí kò rí ibi fi fọ́tò náà pamọ́ sí mọ́. Ràfátù gbà á, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kó lè ríran.

"Èmi nìyí," ó wí. "Ta ni eléyìí tí kò lójú?"

"Ìyá, ẹ dákun."

Olúṣèyí gbé fíìmù lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Baba Adétóyè gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Kò bá a wí.

"Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò bá dé lára fíìmù," ó wí, "ọwọ́ ènìyàn kò lè fa nǹkan kan yọ níbẹ̀."

Olúṣèyí já fọ́tò ìkùukùu lulẹ̀ lára ògiri. Ìyẹn kò tún nǹkan kan ṣe. Bí ọjọ́ ọjà bá ti kò, Ràfátù á yà síbẹ̀, fọ́tò náà nínú ìró rẹ̀.

"Olúṣèyí, ṣé ó ti là?"

Olúṣèyí á gbé àga fún un kó jókòó.

"Sánmà tó bá ṣú, ṣebí ó máa ń là tó bá yá?"

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ gbọ́. Ohun tí ẹni tó bẹ̀ yín níṣẹ́ fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó ṣe èyí tí wọn yóò fi yìn yín. Bó bá sì ní kí ẹ tún un ṣe, ẹ tún un ṣe nígbà tó ṣì dúró níwájú yín. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.