Ohùn Fadékẹ́

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ ọrùn ìyàwó mi kò fọhùn. Àtìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kò ti jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀rọ náà ló ń fi ohùn Fadékẹ́ fúnra rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo tẹ àṣẹ pé kó tún gbé ètò ohùn náà dìde. Ó dáhùn pé ètò mìíràn tó gbé e ró kò sí mọ́. Mo ní kó wá a. Kò rí i níbì kankan.

Mo pe Morẹ́nikẹ́, ọmọ wa, lórí fóònù.

"Bàbá mi, wọ́n ti pa gbogbo ètò àtijọ́ rẹ́. Òfin ni. Ẹ gba ohùn kan ṣoṣo tí ìjọba ń pín fún gbogbo ènìyàn."

"Òun ni ìyàwó Ògúndáre tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa fi ń bú ọkọ rẹ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ṣé kí Màámi wá yadi ni?"

Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá kí òun gba ohùn ìjọba. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà ní àyè kò tó, àfi kí òun pa ohùn Fadékẹ́ tó wà nípamọ́ rẹ́. Mo tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Iná ẹ̀rọ náà tàn. Fadékẹ́ wò mí. Ohùn ọmọge kan jáde lọ́rùn rẹ̀.

"Àkàngbé, ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá wa?"

"Ìwọ ni," mo ní.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, ó pa ẹ̀rọ náà. Mo tàn án. Ó tún pa á.

N kò tàn án mọ́.