Líǹkì tí Mo-ti-gbọ́ Fi Ránṣẹ́

Ẹ má tíì fi líǹkì iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o. Ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń dá iṣẹ́ yín ṣe, tí ẹ jẹ́ ọ̀gá, tí ẹ jẹ́ akọ̀wé, tó tún jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

1.
Obìnrin kan wà tó máa ń ṣe káàdì àti ìwé ayẹyẹ. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àga kan fún oníbàárà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, nínú áàpù kan tó ń bá a tọ́jú wọn síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Etí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí yóò ti ní, "Mo ti gbọ́." Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-gbọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kìlọ̀ fún un títí. "Máa ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ sọ́wọ́. Má sì jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ kan iṣẹ́ nínú áàpù yẹn."

"Mo ti gbọ́, mà."

Irọ́ ni. Kò gbọ́ nǹkan kan.

2.
Ìyá arúgbó kan fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin sì gbé iṣẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí náà fún Mo-ti-gbọ́. Màmá fúnra rẹ̀ ló mú fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá. Ẹyọ kan tó kù nílé nìyẹn, omi òjò sì ti bà á jẹ́. Èjìká hàn, àgbọ̀n hàn, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

"Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú rẹ̀ gbẹ̀yìn," ni Màmá wí. "Bá mi wá a."

Bébà fọ́tò náà ti rà débi pé ó já mọ́ Mo-ti-gbọ́ lọ́wọ́ nígbà tó yà á sínú kọ̀ǹpútà tán. Màmá ní kò burú, bí ojú ọkọ òun bá ṣáà ti wà nínú ìwé.

Ká má purọ́, obìnrin yìí mọṣẹ́. Ó ń nu àbàwọ́n kúrò díẹ̀díẹ̀, ó ń tún ìpéǹpéjú ṣe, títí ojú Bàbá fi hàn kedere. Inú rẹ̀ dùn, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ẹ̀dà mìíràn ńkọ́? Kò ní.

3.
Ọ̀la ni ayẹyẹ, ilé ìtẹ̀wé sì ń retí iṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ Màmá ò jẹ́ kó sinmi. "Jẹ́ ká rí i." "A ò tíì rí i o." Ó sú u. Ó ní òun á fi líǹkì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn kí wọ́n lè wò ó, kí wọ́n yé pariwo.

Áàpù bi í léèrè: ṣé kí wọ́n kàn máa wò ó ni, àbí kí wọ́n lè yí i padà?

"Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," ló dá kọ̀ǹpútà lóhùn. Èyí tọ́wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà ló tẹ̀. Ó bá jáde lọ jẹun.

Nígbà tó dé, fọ́tò àwọn ọmọ Màmá tó wà nínú ìwé ti ń rìn kiri lójú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò àkọ́bí ń tóbi sí i, ó ń wú bíi búrẹ́dì. Ẹnìkan fà á sísàlẹ̀. Ó tún gòkè. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bò mí mọ́lẹ̀!" ni àbúrò wọn obìnrin ń wí.

"Ta ni àkọ́bí nínú wa?"

Níbi tí wọ́n ti ń wá àyè fún ara wọn, ẹnìkan pa odidi ojú ìwé kan rẹ́. Ojú ìwé Bàbá ni.

"Kì í ṣe èmi o," ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ.

4.
"Ọ̀gá mi, mo gbé o!" Ẹkún ni Mo-ti-gbọ́ fi pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán. "Ṣé wọ́n ṣì lè wọ ibẹ̀?"

"Gbogbo wọn, mà."

"Ká lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ti líǹkì yẹn pa. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí áàpù yẹn ń kó bí iṣẹ́ ṣe rí tẹ́lẹ̀ pa mọ́ sí. Mú tàárọ̀ yìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí Mo-ti-gbọ́ sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ tún un sọ."

"Ṣé ìwọ náà nìyí?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sì tún un sọ.

Mo-ti-gbọ́ ti líǹkì pa. Ó wá iṣẹ́ àárọ̀ kàn, ó ṣí i. Ojú Bàbá ló kọ́kọ́ rí. Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ó fi ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà, ó fi kan sórí fóònù, ó sì fi kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó forí lé ilé ìtẹ̀wé.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá gba ìwé náà, ó ṣí i. Kò wo fọ́tò ọmọ kankan. Ojú ìwé ọkọ rẹ̀ ló dúró sí, ó fi ìka kan ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń wò mí," ló wí.

Àwọn ọmọ tó ń jà lánàá ò lè gbójú sókè.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ẹgbẹ́ mi, orí ló kó obìnrin yìí yọ, kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ ka ohun tí áàpù bá bi yín kí ẹ tó tẹ nǹkan kan. Kí oníbàárà máa fojú wò, kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa ní ẹ̀dà níbòmíràn. Bí ẹnìkan bá sì ń kìlọ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.