Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ìkíni

Ẹ̀rọ kan wà lórí àká àgbàdo ìlú wa kékeré ní ìpínlẹ̀ Áyówà l'Amẹ́ríkà, tó ń ka iye ìgbà tí kálukú juwọ́ kí aládùúgbò. Ẹni tó bá kíni kéré jù lóṣù, wọ́n á lọ já a sílẹ̀ sínú yìnyín lẹ́yìn ìlú.

Mo bẹ bàbá mi títí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ juwọ́ sí wọn."

"Èmi Akínlàjà? Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà."

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù, ọkọ̀ wá gbé e. Gbogbo àdúgbò tú jáde, wọ́n ń juwọ́ sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bàbá mi yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé o rí i? Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kí mi!"

Ọwọ́ méjèèjì ni mo ń jù sí i. Oṣù tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń kà.