Ẹ̀rọ Tó Ń Yára Lójú Àlejò

Òjò Keelung, ìlú etíkun kan ní Taiwan, kì í gba ìsinmi. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Pei-jung, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Taipei lọ síbẹ̀, sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn apẹja. Ẹgbẹ́ náà ní kó wádìí ìdí tí kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹja wọn fi ń falẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti fi ètò tuntun sí i. Risíìtì tó ń jáde wàràwàrà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí oníbàárà ń dúró dè títí yìnyín fi ń yọ́ lórí ẹja. Alága ti fọhùn: bí ọ̀rọ̀ náà ò bá yanjú kí ọdún tó yí, wọ́n á kó ẹ̀rọ dànù, Bàbá Liao tó ń tọ́jú rẹ̀ á sì gbalé lọ.

Ìyàwó Bàbá Liao ti kú. Nínú yàrá tútù tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí, òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbé ọ̀rá ìpápánu aláwọ̀ ewé lé e lórí, bí gbogbo ẹlẹ́rọ ilẹ̀ náà ti ń ṣe, kó lè gbọ́ràn. Aláwọ̀ ewé ni o, bí iná ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa; pupa á fa wàhálà.

Bí Pei-jung bá dé, á kọ́kọ́ tẹ nǹkan díẹ̀, á ní òun ń palẹ̀ mọ́ fún ìdánwò. Lẹ́yìn náà á da iṣẹ́ kan náà bo ẹ̀rọ léraléra, á máa wo bó ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ̀rọ á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Bàbá Liao á rẹ́rìn-ín. “Ojú tìẹ nìkan ló mọ̀. Bó o bá ti yíjú báyìí, á tún bẹ̀rẹ̀ ìmẹ́lẹ́.”

Pei-jung kọ́ ọ pé bí èèyàn bá ń wá ohun tó ń ba nǹkan jẹ́, ohun kan ṣoṣo ni kó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kó tún wọ̀n ọ́n wò. Bàbá gbà. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pààrọ̀ ìpápánu náà pàápàá, nítorí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Pàbó ló já sí.

Lọ́sàn-án, wọ́n á jọ jẹ ìrẹsì àti egungun ẹlẹ́dẹ̀ díndín. Bàbá á gbé ẹyin tirẹ̀ sínú abọ́ Pei-jung, á ní eegun lásán ni ẹni tó ń bọ̀ láti Taipei. Látìgbà tí ìyá Pei-jung ti kú, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ti ń bẹ̀rù àìsùn ọdún, alẹ́ tí olúkúlùkù ń bá ẹbí rẹ̀ jókòó sídìí oúnjẹ. Bí Bàbá bá kó abọ́ lọ fọ̀, Pei-jung á padà sídìí ẹ̀rọ, á tẹ nǹkan díẹ̀, á wọ kóòtù rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọdún, Bàbá ní Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ lọ. Pei-jung gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ Bàbá pé kó má bínú. Bàbá kó abọ́ jọ, àmọ́ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Pei-jung, mo ti yí gbogbo nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ nìkan ló kù, torí náà, ohun tó o tún máa ń bà jẹ́ padà nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, jẹ́ kó wà bó o ṣe tún un ṣe lónìí, kó o sì wá jẹun nílé mi ní àìsùn ọdún.”