Ẹni Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Ṣówándé

Láti ọjọ́ tí Ṣówándé ti ra ògbólógbòó ọkọ̀ bọ̀gìnì kan ni Mojírọ̀lá, ìyàwó rẹ̀, ti ń jowú. Ọkùnrin náà kò lówó tó lè fi gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń wá àlòkù páàtì kiri Ìjẹ̀bú-Òde, òun náà ló sì fọwọ́ rán awọ pupa sí àwọn ìjókòó rẹ̀. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í wà lẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ ọkọ̀ náà. Mojírọ̀lá á gbé oúnjẹ kalẹ̀ dè é, oúnjẹ á sì tutù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin náà gbọ́ ẹ̀rín obìnrin nínú ọkọ̀. Àyà rẹ̀ já, ṣùgbọ́n owú borí ẹ̀rù. Ó jáde, ó sì ń gbá gíláàsì dúdú ọkọ̀ náà.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Wúrà! Ẹ jẹ́ kí n rí ẹni tí ẹ gbé wọlé tì mí!"

Ẹ̀rín náà dákẹ́.

"Mojí, ta lò ń pariwo mọ́?"

Ó yíjú padà. Ṣówándé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti balùwẹ̀ bọ̀, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀.

Gíláàsì ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ obìnrin kan tí wọ́n lé làálì sí yọ jáde, ó rọra di ọwọ́ Mojírọ̀lá mú.

"Ẹ káalẹ́, ìyálé mi," ni ohùn kan wí láti inú òkùnkùn. "Ẹ má bínú sí ọkọ wa."

Mojírọ̀lá wo ojú Ṣówándé. Ẹ̀rù kò ba ọkùnrin náà rárá. Ojú ló ń tì í.